Àjàní Inú Àwo

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ra gírámáfóònù. Bó bá wù yín, ẹ ra méjì, kí ọ̀kan máa dá orin, kí èkejì máa gbè é. Kí ẹni tó bá ṣáà rà á rántí pé ẹ̀rọ lòun rà. Òun ò ra ìwà, òun ò sì ra orúkọ. Mo mọ ọkùnrin kan tí kò rántí. Èmi ni mo sì fẹ́ fi ṣe ọkọ, nítorí náà, bí ẹ bá ń wá òmùgọ̀ inú ìtàn yìí, ẹ má tètè na ìka.

Abíọ́dún lorúkọ rẹ̀, Àjàní ni oríkì rẹ̀, Agbowó ló ń gbé, tíṣà ni. Àwọn ọmọ púráímárì kẹta ló ń kọ́, ó sì mọ̀ wọ́n kọ́. Mi ò ní torí ohun tó ṣe fún mi kí n sọ pé kò mọ ìṣirò. Ọdún kẹta tí a gba òmìnira ni mo mọ̀ ọ́n. Mo ń tàìpù ní Sẹkitéríàtì nígbà náà, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Bódìjà, níbi tí ìjọba kọ́ ilé tuntun sí, tí gbogbo ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ fi ń rò pé òun náà ti di tuntun. Bàbá mi ni Díákónì Ọládipọ̀ ti ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Bíọ́dún máa ń dúró dè mí níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já wa sílẹ̀. Á gba báàgì lọ́wọ́ mi, a ó jọ máa rìn, á máa sọ ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín títí a ó fi dé ẹnu géètì wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé inú ìkórìíra ni mo ti ń sọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ Bíọ́dún lẹ́nu: kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ní Ìlá tó ti wá, ọmọ karùn-ún ni nínú ọmọ méje. Ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tíṣà kẹjọ ni nínú mẹ́sàn-án. Bó bá wọ ibì kan, wọn a ní, "Tíṣà, ẹ jókòó," wọn a sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ bí ẹni pé atẹ́gùn ló wọlé. Mo máa ń sọ fún un pé ìyẹn náà dára, pé ẹni tí wọn ò bá mọ̀, wọn kì í pè é sí ìpàdé. Kò pa á lẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kí n sin òun dé Dùgbẹ̀, òun fẹ́ ra gírámáfóònù. Mo rò pé ojú lásán la fẹ́ fi rà á, nítorí gírámáfóònù tí mo mọ̀ ni ti inú pálọ̀ àwọn ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, èyí tó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń lo iná mànàmáná. Àṣé kékeré wà. Ó wà lórí tábìlì ọkùnrin kan tó ń ta ọjà àlòkù, láàárín ìróòǹ àtijọ́ kan àti àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dá. Ó pupa lókè, ó funfun nísàlẹ̀, ó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e bí àpótí ìwé ọmọ iléèwé, bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ló sì ń lò. Ọlọ́jà sọ pé Japan ni wọ́n ti ṣe é. Mo yí i sókè, mo yí i sódò, mi ò rí orúkọ Japan lára rẹ̀, mi ò rí orúkọ ìlú kankan. Ó ní láti jẹ́ pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí ìlú tó ṣe é buwọ́ lù ú. Ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n, Bíọ́dún sì ti kówó sílẹ̀ kí ọlọ́jà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

A ò ní àwo orin tí a máa fi dán an wò. Ọlọ́jà bá fa àwo kékeré kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó nu eruku rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní èènì rèé. Àwo Àyànṣọlá àti Ìràwọ̀ Rẹ̀ ni, ẹgbẹ́ onígìtá kan tí gbogbo Ìbàdàn ń gbọ́ nígbà náà. Ìṣe wọn ni pé bí wọ́n bá kọrin fún ìṣẹ́jú kan, wọn a fi ìṣẹ́jú méjì ki àwọn gbajúmọ̀ ìlú. Ọlọ́jà gbé abẹ́rẹ́ lé e, gìtá dún díẹ̀, ni Àyànṣọlá bá figbe ta:

Bíọ́dún Àjàní, ẹ bá mi kí i o,
Ẹni iyì, ẹni ẹ̀yẹ, ọmọ olóore.

Ibí yìí ni abẹ́rẹ́ ti fò. Àwo náà ti ha níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀rọ náà sì fúyẹ́ jù, nítorí náà ńṣe ló ta kété, tó bọ́ sínú gìtá lọ́ọ̀ọ́kán.

Bíọ́dún rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ló tún kù? Ní Ìbàdàn, bí o bá ju òkúta sáàárín ọjà, Àjàní ni yóò bà. Abíọ́dún náà ò ṣọ̀wọ́n, torí a ń bí ọmọ lọ́dún Kérésìmesì, a ń bí i lọ́dún Iléyá, olúkúlùkù wọn ló sì ń jẹ́ Abíọ́dún. Èmi, aláìgbọ́n, ni mo la ọlọ́jà lóye pé orúkọ ẹni tó ra ẹ̀rọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè yẹn. Ọkùnrin náà wo Bíọ́dún látòkè délẹ̀, ó béèrè bóyá òun ni. Bíọ́dún ní, "Ta ló mọ̀?"

Mo rò pé àwàdà ni. Òun náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Láti ọjọ́ náà, Bíọ́dún ò dá rìn mọ́. Gírámáfóònù ń bá a lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ó ń bá a lọ wo bọ́ọ̀lù, ó ń bá a wọ ọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, ó sì ń jókòó lórí itan rẹ̀ nígbà tí àwọn ìyá àgbà wà lórí ìdúró. Èmi ni mo wá ń gbé báàgì mi fúnra mi, torí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo mọ́. Ó ra àwo bíi mẹ́ta kún un, ṣùgbọ́n àwo èènì ló máa ń lò. Bí bátìrì bá ti ń kú lọ, ohùn Àyànṣọlá á wálẹ̀, á máa fà bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Á pe "Bíọ́dún," á sinmi, á ronú, kó tó rántí Àjàní. Bíọ́dún á wá kó bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síta kí oòrùn lè jí wọn. Nínú àgbàlá ilé rẹ̀ ní Agbowó, bí àwọn obìnrin ṣe ń sá ata, bẹ́ẹ̀ ni tíṣà ń sá bátìrì.

Ìyá onílé rẹ̀, Ìyá Ọlọ́runtóyìn, ló kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń sẹ́ ògì lọ́wọ́ nígbà tí àwo ń dún. Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ní ṣé Tíṣà tí àwọn gbà sílé yìí náà ni wọ́n ń kì bẹ́ẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Bíọ́dún kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wolẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò purọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín rẹ̀ ló pa irọ́ náà, ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a dá sí i nígbà tó yá ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Wọn ò pè é ní Tíṣà nìkan mọ́, "Àjàní Inú Àwo" ni wọ́n ń pè é. Mo ní ẹran ni mo mọ̀ pé ó máa ń wà nínú àwo. Ó ní ìlara ló ń dà mí láàmú.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, tí wọ́n ti ń pe Bíọ́dún ní "ìwọ yẹn" láti ọdún méjì, wá mọ orúkọ rẹ̀ lójijì. Wọ́n fi ṣe alága ọjọ́ eré ìdárayá. Wọ́n ní kó wá jókòó sídìí tábìlì iwájú níbi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ iléèwé. Olùkọ́ méje tó ṣáájú rẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ náà ló jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń wò ó. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé gbà tọkàntọkàn pé ohun tó bá ti wọ inú àwo ti di òótọ́, nítorí kò sí ẹni tó lè gbé irọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó tó ń ṣe àwo kí wọ́n má mọ̀. Ọ̀mọ̀wé ni ọ̀gá àgbà yìí, wọ́n lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Mo bi Bíọ́dún léèrè ìdí tí kò fi sọ fún wọn pé òun kọ́. Ó bi èmi náà léèrè, ó ní ṣé òun bá ẹnikẹ́ni sọ pé òun ni? Oṣù kẹwàá nìyẹn. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ó ti ń ròyìn bí òun àti Àyànṣọlá ṣe pàdé. Lákọ̀ọ́kọ́, òjò ló ká olórin mọ́ Ring Road, Bíọ́dún sì yá a ní agbòjò. Nígbà kejì, òjò ti di ìjì, agbòjò ti di yàrá, olórin sì sùn mọ́jú lórí ibùsùn rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà kẹta, Bíọ́dún ló tún ẹsẹ kejì orin náà ṣe fún un, torí gírámà rẹ̀ kò dára tó. Orin Yorùbá ni o.

Èmi tí mo dúró ní Dùgbẹ̀, tí mo rí i bí wọ́n ṣe fi gbogbo iyì yìí ṣe èènì lé ẹ̀rọ, mo jókòó, mo ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbìyànjú láti tọ́ ọ sọ́nà lójú àwọn ènìyàn. Ó wò mí bí ẹni pé mo bọ́ aṣọ lára rẹ̀ níta gbangba. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo panu mọ́. Mo rò ó nínú ara mi pé bí a bá ti ṣègbéyàwó, tó bá ní ìyàwó tó ń pe orúkọ rẹ̀ láràárọ̀, kò ní nílò Àyànṣọlá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́n tó.

Bàbá mi ò ṣòroó tẹ́ lọ́rùn. Wọn ò béèrè ọkọ olówó, wọn ò béèrè ìlú tó ti wá. Ohun méjì ni wọ́n ti ń sọ létí èmi àti Olúbùsọ́lá àbúrò mi láti ìgbà tí a ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì: ẹni tí yóò fẹ́ wa kò gbọdọ̀ ti láya sílé, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òpùrọ́. Wọ́n ní ìdí. Àbúrò wọn obìnrin fẹ́ akọ̀wé kan nígbà kan, ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni wọ́n tó gbọ́ pé ó gbé aya àti ọmọ mẹ́ta pamọ́ sí Jọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà, bí a bá ń gbàdúrà ìdílé lówùúrọ̀, tí bàbá mi bá ti dárúkọ àwọn aláìsàn àti ìjọba tán, wọ́n á dárúkọ Jọ́ọ̀sì.

Nígbà tí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa kù sí dẹ̀dẹ̀, mo bẹ Bíọ́dún. Mo ní kó mú ẹbí rẹ̀ wá, kó mú ẹ̀bùn tó bá wù ú wá, ṣùgbọ́n kó fi ẹ̀rọ yẹn sílé. Ó ní òun ti gbọ́. Ní Sátidé ọ̀hún, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé ló ṣáájú nínú kóòtù dúdú. Àbúrò bàbá Bíọ́dún tó wá láti Ìlá, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Akínbíyì, tẹ̀ lé wọn, Ìyá Ọlọ́runtóyìn sì gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Bíọ́dún ló kẹ́yìn. Ó di ọwọ́ gírámáfóònù mú gírígírí, ó sì ti kó bátìrì tuntun sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí á mọ̀ pé kò sí ohun tó kù fún ọmọbìnrin ju kó jókòó, kó tẹrí ba, kó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ohun gbogbo lọ bó ṣe yẹ. Bàbá Akínbíyì sọ ìdí tí wọ́n fi wá, wọ́n ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yìí. Bàbá mi ní òdòdó náà wà, òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run pé ẹni tó wá já a ò ní ọgbà mìíràn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá Akínbíyì ní Bíọ́dún ò ní ọgbà, kò ní ìkòkò òdòdó pàápàá, orúkọ rere nìkan ló ní. Wọ́n wá ròyìn bí ọ̀rọ̀ àwo ṣe dé Ìlá, bí ìyá Bíọ́dún ṣe jó láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì ṣe ọpẹ́ pàtàkì pé ọmọ àwọn ti wọ inú àwo n'Íbàdàn. Mo wo Bíọ́dún. Ilẹ̀ ló ń wò. Bàbá mi bi í pé ṣé òótọ́ ni pé orúkọ rẹ̀ wà nínú àwo, ó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irọ́ náà máa wọ ilé wa. Bàbá mi kàn mi orí ni, wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Wọ́n gbà fún un. Mo mọ bàbá mi; bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún ènìyàn kí wọ́n tó gbàdúrà ìparí, ó ti parí nìyẹn. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bu ìrẹsì. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin.

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé ni ò jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó yẹ kí Díákónì gbọ́ àwo náà. Bàbá mi ní orin ayé kì í dún nínú ilé àwọn. Ọ̀gá àgbà ní kì í ṣe orin ayé, oríkì àna wọn ni. Wọ́n fà á lọ, wọ́n fà á bọ̀, bàbá mi ní ó dára, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bíọ́dún ti ṣí ẹ̀rọ kí wọ́n tó wí bẹ́ẹ̀ tán. Pẹ̀lú bátìrì tuntun, ohùn Àyànṣọlá já gaara, ó kún pálọ̀. Ẹni iyì, ẹni ẹ̀yẹ, ọmọ olóore. Mo rí ẹsẹ̀ bàbá mi tó ń lu ilẹ̀ lábẹ́ àga. Abẹ́rẹ́ dé ibi tó máa ń dé, ó sì fò.

Bíọ́dún fẹ́ pa á. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé ní rárá o, ẹni tó ń fi ọmọ fúnni gbọ́dọ̀ gbọ́ oríkì àna rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n ní òun ní irú ẹ̀rọ yìí nílé, òun mọ oògùn rẹ̀. Wọ́n fa owó ẹyọ tọ́rọ́ kan yọ lápò kóòtù, wọ́n fi lé orí ọwọ́ ẹ̀rọ níbi tí abẹ́rẹ́ wà, kí ó lè wúwo, wọ́n sì dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni èmi àti Bíọ́dún ti ń gbọ́ orin yìí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà ní ojú ibẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Tọ́rọ́ tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọjá ojú ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Àyànṣọlá sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ:

Ọkọ Bàdírátù, bàbá Táyé,
Bàbá Kẹ́hìndé, ọ̀dọ̀ rẹ là ń bọ̀.

Gìtá ń dún lọ ní tirẹ̀. Ìyá mi gbé ṣíbí ìrẹsì sókè, wọn ò sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá Ọlọ́runtóyìn ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ, inú sì ń bí wọn. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ bí ìbejì, ẹ ò jẹ́ ká jẹ ẹ̀wà!" Wọ́n ń gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, àmọ́ àwo ti wí i, kí ni ojú wọn já mọ́?

Bàbá mi ní kí Olúbùsọ́lá pa ẹ̀rọ. Wọ́n bi Bíọ́dún pé ta ni Bàdírátù. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ìbejì ta ni. Ó ní àwọn olórin náà ni, sà, pé wọ́n máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ kí orin lè dùn.

"Wọ́n máa ń fi iyọ̀ sí i," ni bàbá mi wí. "Wọn kì í fi ìbejì sí i."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rí bàbá mi yẹn, bí wọ́n ṣe le tó lẹ́nu, mi ò tíì rí ẹni tó ń wá ọ̀nà àtidárí jì bíi tiwọn. Wọ́n gbé àga wọn sún mọ́ Bíọ́dún. Wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "àwo yìí lè má jẹ́ tìrẹ. Abíọ́dún pọ̀, Àjàní pọ̀. Bí o bá ní kì í ṣe ìwọ, irọ́ lo pa fún wa níṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀dọ́ ni ọ́, Ọlọ́run ń dárí irọ́ jì, èmi náà á gbìyànjú. Wàá jókòó, wàá jẹ ìrẹsì rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ ni, ọkọ ẹlòmíràn ni ọ́, mi ò sì ní ọmọ tí mo fẹ́ fún ọkọ ẹlòmíràn. Èwo ni?"

Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀. Kò ju kó ní "kì í ṣe èmi" lọ. Mo wò ó, mo ń sọ ọ́ fún un nínú ọkàn mi: kì í ṣe èmi, sà. Sọ ọ́, Bíọ́dún. Mo lè sọ ọ́ fún un. Èmi nìkan ni ẹlẹ́rìí tó ní láyé, mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọlọ́jà nu eruku àwo mọ́ ṣòkòtò. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo tó ohun tí ó lè torí rẹ̀ padà di tíṣà kẹjọ nínú mẹ́sàn-án. Ṣé ìyẹn ti pọ̀ jù?

Ó wo Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, tí wọ́n fi òun ṣe alága ọjọ́ eré. Ó wo Bàbá Akínbíyì, tí wọn yóò padà sí Ìlá lọ́jọ́ kejì, tí ìyá rẹ̀ yóò sì béèrè bí ó ṣe lọ. Ó wo Ìyá Ọlọ́runtóyìn. Ó wo gírámáfóònù lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lára ìyẹn. Kò wò mí.

"Èmi ni, sà," ni Bíọ́dún wí.

Bàbá mi fọwọ́ bo ojú. Ìyá mi da ìrẹsì padà sínú ìkòkò. Bàbá Akínbíyì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní àwọn náà ò gbọ́ nípa ìyàwó kankan, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀, mo rí i pé inú wọn dùn díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìbejì náà. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé mú tọ́rọ́ wọn, wọ́n jù ú sápò. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbínú ti kún inú mi débi pé mi ò lè sunkún. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní tàn yín. Ọkùnrin tí kò láya rí gbà láti ní ìyàwó àti ọmọ méjì, kó má baà pàdánù ìlà orin méjì.

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo dìde. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń pe Bíọ́dún ní "ìwọ". Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú gbogbo wọn, bí a ṣe ń kúnlẹ̀ fún ọkọ ọlọ́kọ.

"Ẹ kú ìrìn, sà," ni mo wí. "Ẹ bá mi kí Ìyá Ìbejì."

Wọ́n kọ́ ọ nílé, ó mọ bí a ṣe ń dáhùn ìkíni. Ó tẹrí ba díẹ̀ kó tó rántí ara rẹ̀, ó ní, "Wọ́n á gbọ́."